Oyún Tí Wọ́n Ní Ó Ń Sùn

Hajja ló kọ́kọ́ rí i. Mo ń sá aṣọ nínú àgbàlá ilé tí mo gba yàrá kan sí ní Jiddari Polo, ní Maiduguri, mo na apá sókè láti mú okùn, ẹ̀wù mi sì lẹ̀ mọ́ mi níkùn. Hajja ló ni ilé náà. Ọmọ Kànúrí ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà, ojú wọn kan ti ń fọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù máa ń ríran kọjá ibi tí wọ́n bá rán an. Wọ́n jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n sì ń wò mí títí mo fi sá aṣọ tán.

"Sannu da aiki," wọ́n kí mi kú iṣẹ́. "Ó ti tó oṣù mélòó?"

Mo bi wọ́n pé kí ló ti tó oṣù mélòó. Wọ́n fi ẹnu júwe ikùn mi.

Mo fẹ́ràn Hajja, ṣùgbọ́n inú bí mi. Opó ni mí. Sójà ni ọkọ mi, ó sì ti ju ọdún kan lọ tí wọ́n ti pa á nínú igbó. Kí èèyàn máa bi opó léèrè iye oṣù tí oyún rẹ̀ ti tó, níbi tí àwọn òbí mi ti wá, ìjà nìyẹn. Mo pòṣé. Mo sọ fún wọn lédè Haúsá pé ọkọ mi kò rìnrìn àjò, ó kú ni, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀ nínú ilé yìí, kó wá ẹlòmíì fi ṣe é. Hajja kò bínú. Wọ́n ṣa òkúta kan jù nù nínú ẹ̀wà náà.

"Mo mọ̀ pé ó kú," wọ́n ní. "Ta ló ní o ṣe nǹkan burúkú? Kwantacce ne."

Ẹni tí wọ́n bá bí sí Maiduguri bí wọ́n ṣe bí mi, kò sí bí kò ṣe ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Oyún tó sùn ni. Àwọn ará ibí gbà pé ọmọ lè wà nínú ìyá rẹ̀, kí ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ dé, kí ọmọ náà sì sùn lọ. Kò ní dàgbà, kò sì ní kú, ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè jẹ́ ọdún márùn-ún, títí ọjọ́ tí nǹkan kan yóò jí i. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú lè bí ọmọ ọkọ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹni tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi, tí wọ́n ta bọ́tìnnì àti òwú ní ọjà Custom títí ọlọ́jọ́ fi dé, máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n máa ń ní àwọn ará ibí mà láàánú o, pé ní ìlú tiwa, bí oyún bá sùn, ìyá rẹ̀ kò ní rí oorun sùn.

Mo rántí ẹ̀fẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo dúró níwájú dígí. Ikùn náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó yọ díẹ̀ lábẹ́ ìdodo, ó sì fì sí ọ̀tún.

Kì í ṣe pé ara mi kò ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìró mi ti ń kọ̀ láti dé ibi tó máa ń dé. Bí mo bá jókòó ti oúnjẹ, òkèlè mẹ́ta, mo ti yó, bí ẹni tó ti jẹun nílé ẹlòmíì. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Custom, mo máa ń fi oníbàárà sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kí n lè sáré lọ tọ̀, bí mo bá sì débẹ̀, ìtọ̀ náà kì í tó nǹkan. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dùn mí. Ìnira kan wà lápá ọ̀tún mi tó máa ń wúwo bí mo bá yí padà lórí ibùsùn. Nǹkan oṣù mi ṣì ń wá, ṣùgbọ́n inú rírun tó ń bá a wá ti di nǹkan mìíràn. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti wá orúkọ fún. Mo ní ooru ni, mo ní omi kànga ni, mo ní ẹ̀wà Hajja ni. Ìgbà tí n kò rí orúkọ mìíràn mọ́, mo ní ìbànújẹ́ ni.

Ó yẹ kí n sọ bí ìbànújẹ́ náà ṣe rí, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà yóò dà bí ìwà òmùgọ̀. A kò bímọ kí ọkọ mi tó kú. Igbó ló ń gbé jù, ilé ló máa ń wá kí. Ó wá lo ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó padà, n kò sì rí i mọ́. N kò rí òkú rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní kò ṣeé wò, wọ́n ti sin ín. Nígbà tí mo jókòó opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn wa là sílẹ̀, mo mọ̀ pé ara ohun tí wọ́n torí rẹ̀ là á sílẹ̀ ni kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọkùnrin náà fi ọmọ sílẹ̀ nínú obìnrin náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé, mo sunkún ju ọjọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ fún mi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo kó jáde ní bárékè, torí bárékè kì í ṣe ilé opó, mo sì wá sí ilé Hajja.

Ọ̀rọ̀ Hajja kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo bá wọn jókòó lórí ẹní, mo ń bá wọn ṣa ẹ̀wà, mo ṣe bí ẹni tí kò bìkítà. Mo ní ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ń kọ́? Wọ́n ní ẹni tó sùn kì í dìde ti ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ní kí ló dé tí kò fi yí? Wọ́n ní ṣé mo ti rí ẹni tó ń sùn tó ń jó rí? Kò sí ìbéèrè tí Hajja kò ní ìdáhùn sí. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an ti kọ mí lóminú, ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi omi léèrè ibi tó ti ṣàn wá.

Wọ́n se àgbo kan fún mi tó korò bí ìyà, wọ́n ní yóò rọra jí i. Mo ń mu ún láràárọ̀. Ikùn mi ń tóbi sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lé e bí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí ọjà kò yá, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, torí bàbá rẹ̀ kò gbọ́ Haúsá dáadáa. Àsìkò náà ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ikọ́ ọkọ mi. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó máa ń húkọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ẹnu ọ̀nà kó má bàa dẹ́rù bà mí. Mo máa ń gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Hajja bí oòrùn bá ti ń wọ̀. N kò dìde lọ wò. Ẹ̀rù kò bà mí rárá, inú mi ń dùn.

Mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Ìkìrun ni Màmá ń gbé, a sì máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀. Láti ìgbà tí ọmọ wọn ti kú, ohùn wọn ti gbẹ. Wọ́n á kí mi, wọ́n á ní, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ìyàwó mi," wọ́n á sì dákẹ́ títí màá fi ní ó dàbọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, mo kàn fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ará ibí sọ." Mo sọ ọ́. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo tún un sọ, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé ìyàwó bàbá àwọn kan gbé oyún ju ọdún kan lọ kó tó bí i.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni Màmá ń pè lẹ́yìn ìrun alásárì. "Báwo ni ọkọ mi?" ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, torí bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ ṣe máa ń pe ọmọ tí a kò tíì bí. Wọ́n á sọ fún mi pé àwọn jẹ iyán lánàá, pé àwọn jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ti padà sí ọjà. Wọ́n ti tún orí ṣe. Ohùn náà ti tutù padà, mo sì mọ̀ pé inú ikùn mi ló ti ń mu omi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọ Èkìtì, ìyàwó sójà bíi tèmi, ṣùgbọ́n ọkọ tiẹ̀ ṣì wà láàyè, bárékè ló sì ń gbé. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo ikùn mi, ó jókòó.

"Ṣé o ti ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀?"

"Mo ti ṣe é."

"Kí ló sọ?"

"Ìlà kan ni."

"Ìlà kan, kò sóyún nìyẹn."

"Hajja ní ọmọ tó sùn kì í jẹ́ ìpè."

"Ẹni tó sùn là ń jí," ó ní, "a kì í jí apirọrọ. Ìwọ lò ń pirọrọ, kì í ṣe ọmọ kankan."

Ó sọ fún mi nípa obìnrin kan ní bárékè tí ikùn tiẹ̀ náà wú, tí wọ́n rí àpò omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ rẹ̀, níbi tí ẹyin obìnrin ń gbé. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àpò náà sì ti gbẹ fúnra rẹ̀. Ó ní ti ẹlòmíì kò gbẹ, wọ́n yọ ọ́ ni, ó sì ti bímọ lẹ́yìn rẹ̀. "Nǹkan tó wọ́pọ̀ ni," ó ní. "Jẹ́ ká lọ ya àwòrán inú. Jelly tútù ni wọ́n máa fi sí ẹ níkùn, kò tiẹ̀ ní dùn ẹ́."

Kì í ṣe dídùn ni mo bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé àwòrán náà yóò sọ̀rọ̀, n kò sì fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé torí pé ọkọ tirẹ̀ ń jẹun lórí tábìlì ni kò ṣe fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́kù fún mi lára tèmi. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, mo sì mọ ìgbà tó ń jáde lẹ́nu mi pé burúkú ni. Ọ̀rẹ́ mi mú báàgì rẹ̀, ó kí Hajja lọ́nà, ó sì lọ.

Nígbà tó yá, Màmá ní kí n ṣe sàráà fún ọmọ náà, kí n ra ẹran, kí n sè é, kí n pín in fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n lè ṣe àdúà. Mo lọ sí Kasuwan Shanu, ọjà màlúù, láàárọ̀, torí ẹran ibẹ̀ kì í ṣe ẹran tó ti rìn kiri ọjà. Mo tẹ̀ síwájú láti yan ẹsẹ̀ màlúù lórí tábìlì alápatà kan. Bí mo ṣe ń nà dìde, nǹkan kan lọ́ nínú mi lápá ọ̀tún. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ́, bí èèyàn ṣe ń fún aṣọ tútù, ẹni tó ń fún un kò sì jáwọ́. Mo bì. Orókún mi kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ màlúù.

Obìnrin kan tó ń ta nono, wàrà àwọn Fúlàní, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wo ikùn mi, ó pariwo, "Haihuwa!" pé mo ń rọbí. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn obìnrin ti dé láti gbogbo ìhà. Wọ́n tú laffaya wọn, aṣọ gbọọrọ tí àwọn obìnrin ibí ń wé láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n dúró yí mi ká, wọ́n sì ta á bí ògiri. Àwọn alápatà kọ ẹ̀yìn sí wa. Ẹnì kan pa rédíò. Àpò ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ mi. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú aṣọ wọ̀nyẹn wọlé pọ́n, ó sì tún ní àwọ̀ ewé, inú ibẹ̀ tutù ju ìta lọ, gbogbo wọn ló sì ń ṣàdúà sí mi lórí. N kò tíì rí irú àánú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Ki yi nishi," ni onínono náà ń wí fún mi. Kí n ti ọmọ náà jáde.

Mo tì í. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo tì í pẹ̀lú gbogbo agbára mi, nínú ìrora tó ń fọ́ ojú mi. Mo ń pe ọmọ náà pé kó máa bọ̀. Mo ń pe bàbá rẹ̀. Onínono náà fi ọwọ́ wò mí, ó tún fi ọwọ́ wò mí, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa ìró mi bò mí. Ó sọ̀rọ̀ sókè sí àwọn tó kù pé kò sí ọmọ lọ́nà, kí wọ́n wá kẹ̀kẹ́ kíákíá.

Inú kẹ̀kẹ́ náà ni mo ti pe ọ̀rẹ́ mi. N kò tọrọ àforíjì, mo kàn ní, "Nǹkan kan ti já nínú mi, wọ́n ń gbé mi lọ sí ọsibítù." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù kí n tó débẹ̀.

Dókítà tó gbà mí, obìnrin ni, kò tíì dàgbà, Haúsá la jọ sọ. Wọ́n fi omi sí mi lára títí ìtọ̀ fi kún inú mi, wọ́n ní ìyẹn ló máa jẹ́ kí àwòrán hàn. Ó fi nǹkan tútù náà sí mi níkùn, ó ń ti irin kékeré kiri lórí rẹ̀, ó ń wo ẹ̀rọ. Ó pẹ́. N kò lè mú un mọ́ra.

"Ṣé ó ń sùn ni?" mo bi í.

"Ta ni?"

Mo sọ fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, mo sì ti múra ìjà sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá àgbà òun máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi.

"Ilé ọmọ yín nìyí," ó ní. Nǹkan kékeré ni, ó rí bíi gúáfà. "Ẹ wo inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sì jọ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ láìpẹ́." Ó ti irin náà sí òsì. "Ilé ẹyin yín kan nìyí, ara rẹ̀ yá." Ó tì í sí ọ̀tún, gbogbo ojú ẹ̀rọ náà sì kún. "Èyí ni ẹ̀ ń gbé kiri. Kókó ni. Àpò kan ló hù lára ilé ẹyin kejì. Ó ti tóbi tó orí ọmọ tuntun. Òun ló ń tẹ àpò ìtọ̀ yín, òun ló ń tẹ ikùn yín tí ẹ kò fi lè jẹun. Ó wá wúwo débi pé ó ti lọ́ mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Ìrora yín nìyẹn. Òní yìí la gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ."

Mo bi í bóyá jẹjẹrẹ ni. Ó ní kò jọ ọ́, pé èyí tó pọ̀ jù nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ lára obìnrin tó bá wà lọ́jọ́ orí mi kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n wọ́n á gbé e lọ yẹ̀ wò kó lè dá wọn lójú. Ó ní oríṣiríṣi ni wọ́n. Òmíràn kàn jẹ́ omi, a máa yọ pẹ̀lú nǹkan oṣù, a sì máa lọ, obìnrin náà lè má mọ̀ rárá. Tèmi kì í ṣe irú ìyẹn. Ó ní ó ṣeé ṣe kó ti wà lára mi láti kékeré, kó máa dàgbà díẹ̀díẹ̀.

"Kí n tó mọ ọkọ mi?"

"Kí ẹ tó mọ ọkùnrin kankan."

"Kò sí nǹkan tirẹ̀ nínú rẹ̀?"

Ó pa ẹ̀rọ náà. "Kò sí," ó ní. "Láti ara yín nìkan ló ti wá."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe é. Wọ́n yọ kókó náà pẹ̀lú ilé ẹyin tó lọ́ mọ́, torí ibẹ̀ ti dúdú, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n ní ti òsì ti tó láti fi bímọ lọ́jọ́ iwájú bí mo bá fẹ́. Èmi kò bi wọ́n nípa ọjọ́ iwájú. Nígbà tí dókítà náà wá wò mí láàárọ̀, mo ní kí wọ́n gbé e wá kí n rí i.

Ó lọ́ra. Ó ní irú tèmi yìí máa ń ní nǹkan nínú tí kò dùn-ún wò, torí inú ẹyin obìnrin ló ti hù, ẹyin sì mọ bí a ṣe ń dá gbogbo ẹ̀yà ara, ó lè máa dá wọn láìsí ọmọ. Mo ní wọn kò jẹ́ kí n rí òkú ọkọ mi, wọ́n ní kò ṣeé wò, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń wò ó lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ jẹ́ kó rí i, dókítà." Wọ́n gbé e wá nínú ike tí wọ́n fẹ́ fi gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ọ̀rá ló kún inú rẹ̀, ó funfun, ó dì bí òrí. Irun wà nínú ọ̀rá náà. Irun dúdú ni, ó gùn, ó sì lọ́ mọ́ra wọn bí èyí tí wọ́n fà kúrò lára kóòmù. Eyín kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Eyín gidi ni, kékeré, ó mọ́, kò tíì jẹ nǹkan kan rí.

Ẹ̀rù bà mí. Ojú tì mí, bí ẹni pé èmi ló fi ọwọ́ mi ṣe é. Èyí tó le jù láti sọ ni pé mo fẹ́ gbé e. Mo mọ ohun tó jẹ́, wọ́n ti ṣàlàyé fún mi, mo sì fẹ́ gbé e síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Nígbà tí mo padà sí Jiddari Polo, Hajja gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi. Mo sọ ohun tí wọ́n bá nínú mi fún wọn, mo rò pé ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Wọ́n jókòó ti ibùsùn mi, wọ́n gbọ́ ọ tán. "Irun," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́. "Eyín." Wọ́n mi orí. "Ó ti fẹ́ jí nígbà náà." Inú bí mi débi pé ojú abẹ mi dùn mí. Èsì àyẹ̀wò padà dé nígbà tó yá, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo ka ìwé náà fún Hajja lédè Haúsá. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ọmọ náà sí afẹ́fẹ́ rere.

Ó wá ku Màmá. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà lọ́sibítù, ọ̀rẹ́ mi ló ń gbé fóònù mi, ó ń sọ fún wọn pé ibà ń ṣe mí. Ọjọ́ kejì tí mo délé ni mo pè wọ́n fúnra mi, lẹ́yìn alásárì.

"Báwo ni ọkọ mi?" wọ́n ní.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

Mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kókó ni, pé ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ ló wà, kò sí nínú rẹ̀, pé wọ́n ti yọ ọ́, kò sì ní pa mí. Wọ́n ní alihamudulilahi pé ẹ̀mí mi kò bá a lọ. Wọ́n tún un wí. Wọ́n bi mí pé kí ni àwọn oníṣègùn bá nínú rẹ̀, n kò sì ní agbára láti pa irọ́ kankan mọ́. Mo sọ ti irun, mo sọ ti eyín.

Mo ń gbọ́ àwọn ewúrẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìkìrun.

"Irun yẹn," Màmá ní. "Ṣé ó ká?"

Irun ọkọ mi máa ń ká lẹ́yìn ọrùn bí kò bá tíì gẹ̀ ẹ́. Òògùn kan kò lè nà án. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní ó ká, wọn yóò jẹ iyán wọn tán lálẹ́ yẹn, àti lọ́la, wọn yóò máa gbé ọmọ tí kò sí náà kiri nínú ọkàn wọn títí wọn yóò fi kú. Hajja ì bá ti dáhùn kíá.

"Kò ká, Màmá. Irun mi ni."

"Tìẹ nìkan?"

"Tèmi nìkan ni."

N kò tíì gbọ́ ẹkún Màmá rí. Nígbà tí wọ́n túfọ̀ ọmọ wọn, àwọn àgbà ìdílé ní kí wọ́n má sunkún ọ̀dọ́, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ sun ún ní kọ̀rọ̀, èmi ni mo pè láti Maiduguri pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé fóònù ló ń ṣe kùùkùù. Ohùn náà wá ga, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń pe ọmọ wọn ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré, orúkọ tí òun alára kò sọ fún mi rí nígbà tó wà láàyè. N kò ní kí wọ́n dákẹ́. Mo fi ọwọ́ kan di ojú abẹ mi mú, mo gbé fóònù náà sétí, a sì jọ sunkún rẹ̀ títí owó fóònù mi fi tán.